ALT ẹ̀gbọ́n mi gun 2,400 lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún wọn. Ṣé ẹ̀dọ̀ tuntun náà ò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni?

ÀbúròBọ̀dá
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní London níbí. Àrùn mẹ́dọ̀wú B ló ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Ẹni tó fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, DCD sì ni, ìyẹn pé ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹ̀dọ̀ náà jáde. Lónìí, Ọjọ́bọ̀, dókítà kan dárúkọ "early allograft dysfunction" lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà ni pé ALT wọn, ìyẹn ohun tí wọ́n ń yẹ̀wò nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ fara gbọgbẹ́, gun 2,400. Màmá wa ń pè ṣáá láti Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò mọ ohun tí màá sọ fún wọn. Kí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ tuntun ò ní lè ṣiṣẹ́?

Nọ́ọ̀sìẸ̀dọ̀
Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìsùn. Wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ yẹn, tó túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ tuntun ò tíì ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀rẹ̀, dún bí ìdájọ́ ikú, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò ni èyí tí Kim Olthoff àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010. Wọ́n á wò ó bóyá ALT tàbí AST tó jọ ọ́ kọjá 2,000 nígbàkigbà láàárín ọjọ́ méje àkọ́kọ́. Tó bá wá di ọjọ́ keje, wọ́n á wo bilirubin tó ń mú ojú pọ́n, bóyá ó tó 10, àti INR tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, bóyá ó tó 1.6. Ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó. Nítorí 2,400 yẹn, ẹ̀gbọ́n yín ti bọ́ sí i, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 300 tí wọ́n fi ṣèwádìí náà, nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló bọ́ sí i, èyí tó sì lé ní 8 nínú 10 lára wọn ló wà láàyè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀dọ̀ tó ti wà nínú yìnyín fún wákàtí púpọ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tún ya wọ inú rẹ̀, á fara gbọgbẹ́, ALT á sì tú jáde. Ti DCD tún máa ń le jù. Ohun tí èmi máa ń wò ni bóyá ó ń wálẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀dọ̀ tó kọ̀ pátápátá kì í fi ara pamọ́. Lactate, tí ẹ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ò ní wálẹ̀. Ṣúgà á máa já wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá gún ìka aláìsàn wò ó, àfi ká máa fi dírípù gbé e ró. Aláìsàn ò ní jí dáadáa, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Irú wọn ni wọ́n ń wá ẹ̀dọ̀ mìíràn fún ní kíámọ́sá. Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ti jí? Ẹ kọ iye ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan síbí.

ÀbúròBọ̀dá
Ẹ ṣé gan-an, mà. Wọ́n ti jí, wọ́n tiẹ̀ ń bá mi jà nítorí fóònù wọn. Láti Ìṣẹ́gun dé òní: ALT 2,400, 1,900, 1,150. INR 2.3, 2.0, 1.7. Bilirubin 88, 96, 91. Bilirubin yìí ló já mi láyà jù. Ẹ ní 10!

Bọ̀dáLáàbù
Ẹ fọkàn balẹ̀. Mílígíráàmù ni wọ́n ń kà ní Amẹ́ríkà, micromole ni wọ́n ń kọ ní Britain. 10 tiwọn jẹ́ 171 níbí. 91 yín ò ju 5 lé díẹ̀ lọ.

Ẹ tún bi wọ́n nípa MEAF, òṣùwọ̀n mìíràn tí àwọn ará Valencia ní Sípéènì gbé jáde ní 2015. ALT àti INR tó ga jù láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú bilirubin ọjọ́ kẹta, ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, láti 0 dé 10. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó ń sọ bí ọ̀ràn ṣe le tó, kò sì ní kí ẹ dúró di ọjọ́ keje.

Nọ́ọ̀sìẸ̀dọ̀
Bọ̀dá ti sọ ọ́ re. Iye yín ń lọ síbi tó yẹ kó máa lọ. Lójú tèmi, INR tó ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ju ALT lọ, torí ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ rí i dájú pé wọn ò tíì fa plasma, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀, sí wọn lára, torí ìyẹn náà máa ń fa INR wálẹ̀.

Ní àárọ̀ ọ̀la, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi Doppler, ẹ̀rọ tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn hàn, wo òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún yín. Bí ALT tó ń wálẹ̀ bá ṣàdédé yí padà tó ń gòkè, kí wọ́n tún un wò lọ́jọ́ náà gan-an, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú òpó yẹn.

Ẹ sọ fún Màmá pé ọmọ wọn ti jí, ẹ̀dọ̀ náà sì ti ń ṣiṣẹ́, ó kàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ ni. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ keje. Ẹ kọ INR àti bilirubin ọjọ́ náà síbí, mo máa wò ó.