Ẹsẹ̀ tí kò mọ omi gbígbóná mọ́

Sálúbàtà ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Mo ń bọ̀ láti ọjà l'Ádó, ọmọ kan sáré tẹ̀lé mi: "Àǹtí, bàtà yín rèé." Ó ti bọ́ lẹ́sẹ̀ òsì mi tipẹ́, mi ò mọ̀. Télọ̀ ni mí. Tí mo bá wà nídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, mo gbọ́dọ̀ wo ilẹ̀ kí n tó mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yẹn wà lórí irin.

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí ni ti balùwẹ̀. Mo da omi sẹ́sẹ̀, òsì fà sẹ́yìn kíá, ọ̀tún dúró gbagidi bí igi. Nígbà tí mo fi máa rí i, awọ ẹ̀ ti bó. Èyí tó lágbára kò mọ iná, èyí tó mọ iná kò lágbára!

Ìyá àgbà ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo mu àgbo títí. Dókítà kan ní làkúrègbé ni, èkejì náà sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò sì bá wọn sọ òótọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 8, kókó kan hù sí mi lẹ́yìn ọpọlọ, jẹjẹrẹ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní medulloblastoma. Wọ́n yọ ọ́ n'Íbàdàn, wọ́n wá fi ìtànṣán sun gbogbo orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn mi, torí irú jẹjẹrẹ yẹn a máa bá omi ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn. Mo yè. Màmá mi ní ká má dárúkọ ẹ̀ mọ́, kí ọkọ má baà sá. Tí wọ́n bá bi mí pé, "Ṣé o ti ṣàìsàn ńlá rí?" mo máa ní rárá. Ọdún 19 ti kọjá, kí ló kan ẹsẹ̀?

Ó kàn án. Dókítà kẹta ló rí àpá lẹ́yìn ọrùn mi. Mo lọ gbé ọ̀rá ìwé tí màmá mi fi há abẹ́ àpótí. Ó kà á tán, ó ní kí n lọ ya MRI, àwòrán tó ń fi inú ara hàn. Ohun kan bíi hóró gúgúrú wà láàárín okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tó so ọpọlọ mọ́ ẹsẹ̀, dúdú yí i ká. Cavernoma. Ó ní ìtànṣán lè fa irú ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá lára ẹni tó gbà á lọ́mọdé: òpójẹ̀ wẹ́wẹ́ a ṣù jọ, ara wọn a fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa jò. Dúdú yẹn, irin inú ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ni. Mo ní, "Ṣé jẹjẹrẹ yẹn ló padà?" Ó ní rárá. Ẹkún ni mo fi dáhùn.

Wọn ò tí ì fọ̀bẹ kàn án. Inú okùn gan-an ló wà, ọ̀bẹ lè ba èyí tó kù jẹ́. Wọ́n ń ṣọ́ ọ ni.

—

Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi, mo ka ìtàn yín. Tèmi kì í ṣe ti ìtànṣán. Ẹni ọdún 58 ni mí, l'Ẹ́fọ̀n. Tí mo bá gun òkè lọ sóko, ẹsẹ̀ a wúwo bí odó. Tí mo bá jókòó, á fúyẹ́. Ìtọ̀ ò jáde dáadáa, wọ́n ní prostate ni, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Wọ́n gún mi ní steroid, oògùn tó ń mú wíwú lọlẹ̀, ó tún burú sí i. Àṣé òpójẹ̀ méjì tí kò yẹ kó pàdé ló so pọ̀ lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ wá ń dà padà sí okùn inú ẹ̀yìn, okùn wú. Wọ́n ti dí ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Mo ń rìn, àmọ́ ìtọ̀ ò tí ì jáde dáadáa.

—

Ẹ ṣé, bàbá. Ẹni tó béèrè bí mo ṣe ń lo maṣíìnì báyìí: mo ti gbé ẹlẹ́sẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi. Oníná ni mo ń lò báyìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Omi ìwẹ̀, ìgúnpá ni mo fi ń tọ́ ọ wò.