Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: polymer clay nínú ooru, òjò àti ọyẹ́

Àbẹ̀kẹ́Tíṣà (Ìbàdàn):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Oṣù Kejìlá, nígbà ọyẹ́, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi polymer clay, amọ̀ oníke tí wọ́n ń yan nínú oven, ṣe yẹtí. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oṣù Kejì ti wọlé, ooru ti sọ ọ́ di ẹ̀bà tó lómi jù: ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ìlà ìka mi wà lára gbogbo nǹkan. Òdòdó funfun tí mo yan lọ́sẹ̀ tó kọjá jáde ní àwọ̀ àkàrà. Ẹ̀rù bà mí, mo dín àkókò èkejì kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó kán sí méjì. Kí ni kí n rà? Kí ni kí n máa ṣe ní àsìkò wo? Owó tíṣà lẹ mọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

ÌyáOnílẹ̀kẹ̀:
Àbúrò mi, ẹ má tíì ra nǹkan míì, ẹ kọ́kọ́ ra tẹmọ́mítà kékeré tí wọ́n ń gbé sínú oven. Irọ́ ni bọ́tìnnì oven máa ń pa. Amọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sculpey ń fẹ́ 130°C, ìṣẹ́jú 15 fún mìlímítà 6 tó bá nípọn. Èyí tó ń jẹ́ Fimo ń fẹ́ 110°C fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ wo ara páálí tiyín. Òdòdó yẹn jóná torí pé ooru pọ̀ jù. Èkejì kán torí pé kò jinná. Ooru ló yẹ kẹ́ ẹ dín kù, àkókò lẹ lọ dín.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ìgò tí ara rẹ̀ dán, abẹ tuntun kan, àti táìlì tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni mo fi ṣe ọdún méjì. Orí táìlì yẹn náà ni kẹ́ ẹ yan án sí, kó má baà wọ́.

Ní ti pé ó ń lẹ̀: àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé e, kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá ṣì ń lẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà funfun méjì, kẹ́ ẹ gbé ìwé tó wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Bébà á mu òróró tó ń jẹ́ kó rọ̀ jù. Àmọ́ kó má pẹ́ jù o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa rún mọ́ yín lọ́wọ́.

Tóbi_Manchester:
Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ̀yin ń sá fún ooru, èmi ń wá a kiri! Níbí, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, líle rẹ̀ dà bí òkúta. Tí mo bá gé e, á rún bí àádùn. Àpò ṣòkòtò ni mo ń kó o sí, nínú láílọ́ọ̀nù, nígbà tí mo bá ń se oúnjẹ alẹ́. Ooru ara ti tó o. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ amúlégbóná lẹ́ẹ̀kan, apá kan ti jinná kí n tó padà dé. Bó ṣe máa ṣe tiyín náà nìyẹn tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án oṣù Kẹta.

Aláròyé:
Oven oníná ni tèmi. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín yíyan ńkọ́?

ÌyáOnílẹ̀kẹ̀:
Kò sí wàhálà. Tí iná bá dé, ẹ tún un yan látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti yan ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹta rí, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ fi fọ́ìlì bò ó. Nínú oven kékeré, ibi tó kọjú sí irin tó ń gbóná ló ń kọ́kọ́ pọ́n.

Aláròyé:
Inú oven tí a fi ń yan ẹja? Ìyàwó mi ti ní òun máa lé èmi àti amọ̀ mi jáde.

Tóbi_Manchester:
Ìyàwó yín ò jẹ̀bi. Inú àwo irin ni mo ń kó amọ̀ sí, mo ń fi àwo irin míì bò ó, n kì í yan oúnjẹ pọ̀ mọ́ ọn, mo sì máa ń ṣí fèrèsé. Bó bá jóná, èéfín rẹ̀ ń ta èèyàn lójú àti lọ́fun; ẹ pa oven, kí gbogbo ilé bọ́ síta. Ẹ má sì fi í ṣe ife tàbí àwo ìjẹun.

Àṣàkẹ́Sẹ̀gi (Abẹ́òkúta):
Yẹtí òdòdó ti sú mi, gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ẹ ṣe iyùn! Àsìkò òjò ló dáa fún un, nígbà tí kò síbi téèyàn ń lọ. Pupa méjì, àwọ̀ ọsàn kan, àti ọ̀kan nínú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ má pò ó tán. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí ìlà wẹ́wẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, torí iyùn gidi kì í sábà ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ lu ihò kẹ́ ẹ tó yan án. Tó bá tutù, ẹ fi sáńpépà onínọ́ńbà 400, 600, lẹ́yìn náà 1000 (bí nọ́ńbà ṣe ń ga ló ń kúnná sí i), ha á nínú abọ́ omi. Omi ni kò ní jẹ́ kí eruku rẹ̀ wọ imú yín. Ẹ wá fi jíìnsì àtijọ́ nù ún títí yóò fi máa dán. Màmá mi fi tèmi ròde, wọ́n ń béèrè ẹni tó fi í sílẹ̀ fún un bí ogún. Ẹni tó bá ti gbé iyùn gidi rí á mọ̀ pé tiwa fúyẹ́, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ sọ òótọ́.

Nígbà ọyẹ́, ẹ sá fún funfun, eruku ò ní jẹ́ kó mọ́. Dúdú àti àwọ̀ igi ni mo ń ṣe. Bí funfun bá di dandan, ẹ fi spírítì nu ọwọ́ àti táìlì, ẹ má sì wọ aṣọ onírun. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fa spírítì yẹn sára iṣẹ́ yín kó tó wọ oven, ìlà ìka á parẹ́.

Àbẹ̀kẹ́Tíṣà:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun! Mo ra tẹmọ́mítà lánàá. Mo yí bọ́tìnnì sí 130, ó ka 165! Abájọ. Nígbà tí mo yí i padà sí 100 ló tó dúró ní 130. Mo tẹ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wò, ó tẹ̀, kò kán. Àmọ́ ẹ̀yin Àṣàkẹ́, mo gbìyànjú iyùn yín, ó ń fẹ̀ pẹlẹbẹ tí mo bá ń lu ihò. Kí lẹ fi ń lu tiyín?

Àṣàkẹ́Sẹ̀gi:
Abẹ́rẹ́ ńlá. Ẹ kọ́kọ́ gbé ilẹ̀kẹ̀ sí fíríìjì kó le díẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má tì í. Tí ẹnu rẹ̀ bá fẹ́ yọ lódì kejì, ẹ fà á jáde, kẹ́ ẹ gba òdì kejì wọlé.