Lórí ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ ipò àga óákù àtijọ́ ní gbàǹjo

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ka ìtumọ̀ tí alàgbà wa ṣe sí àkọsílẹ̀ ọjà gbàǹjo kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa àga kan tí wọ́n fi óákù, igi líle ilẹ̀ wọn, kàn ní agbègbè Yorkshire ní ọ̀rúndún 17. "Ògbólógbòó àga" ni wọ́n pè é, wọ́n sì túmọ̀ "as found", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ ipò tí ara rẹ̀ wà, sí "bí-a-ṣe-bá-a". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Ẹni tí ìwà kan ti mọ́ lára ni à ń pè ní ògbólógbòó, olè ni ó sì sábà máa ń jẹ́. "Àlòkù" náà kò bá a mu, nítorí àlòkù a máa dín owó ọjà kù, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí ni ó ń fi kún owó àga yìí. "Àga àtijọ́" tó wa.

Ọ̀rọ̀ ipò ni ó ta kókó. Ẹ wo igi ìdábùú tí ó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀: níbi tí àwọn tí ń jókòó ti ń gbé bàtà lé e láti ìgbà náà, òkè rẹ̀ a jẹ wọnú, abẹ́ rẹ̀ a sì wà bí ó ti wà. Èyí kì í ṣe àbùkù. Ẹ̀rí ni, "àpá ìlò" ni mo sì fẹ́ kí a máa pè é. Ní ti àwọ̀ dúdú tí ń dán, tí ọwọ́, eruku àti ìda oyin fi sára igi náà, ẹnìkan dábàá "ìdán-ọjọ́". Bí àmì ohùn bá já, gẹ́gẹ́ bí ó ti sábà ń já, idán pípa ni òǹkàwé yóò rò. Ẹ jẹ́ kí a fi í sí "dídán ọjọ́ pípẹ́".

Ilẹ̀ títutù inú ilé ìgbà náà a máa mú kí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ àga jẹrà, káfíńtà a sì gé e, a so igi mìíràn mọ́ ọn. "Àsomọ́" ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn àga kan bá wá láti ara àga mìíràn, ìgbéyàwó ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Kí a má ṣe túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò kúkú sí ìdána níbẹ̀. "Àdàlù" tí àwọn kan fi rẹ́rìn-ín tẹ́ mi lọ́rùn: ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò dá ẹ̀wà mọ̀ yàtọ̀ sí àgbàdo.

"Kòkòrò ti jẹ ẹ́" náà kò tó. Ihò kéékèèké róbótó ni kòkòrò ajẹgi ń dá lu nígbà tí ó bá ń jáde. Inú igi ni ọ̀nà tí ó jẹ gbà ń wà. Bí ọ̀nà náà bá wá hàn gbọọrọ lójú igi, a jẹ́ pé ẹnìkan tún igi ọ̀hún gé lẹ́yìn tí kòkòrò ti jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ sì ti di ti ayédèrú. Nítorí náà, "ihò kòkòrò" àti "ọ̀nà kòkòrò" gbọ́dọ̀ yàtọ̀ nínú ìtumọ̀ wa.

Ìdí nìyí tí "bí-a-ṣe-bá-a" fi ń bà mí lẹ́rù. Létí Yorùbá, ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kan àga náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ìkìlọ̀ ni olùtà ń ṣe pé àléébù wà lára rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá rà á ni yóò ru ẹrù rẹ̀. "Tòun tàbùkù rẹ̀" sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ pamọ́.

Ọ̀kan ṣẹ́kù. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn agbẹ́gilére a máa fín òdòdó, a tilẹ̀ máa fín nọ́ńbà ọdún, sára àga àtijọ́ tí kò ní ọnà rárá, kí ó lè wu oníbàárà. Àga náà kì í ṣe ayédèrú, ọnà ara rẹ̀ kò sì bá a dáyé. "Ọnà àfikún" ni mo ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀tàn inú rẹ̀ hàn. Kí ni ẹ̀yin yóò pè é?