Kí ló dé tí ìtàn ayé ènìyàn fi bà mí lẹ́rù ju ìtàn iwin lọ?

Ọmọ Ìdẹ̀nà (Kétu):
Ẹ̀yin òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìwé mẹ́ta ni mo kà tẹ̀lé ara wọn láìpẹ́ yìí: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, àti ìtàn tí Samuel Àjàyí Crowther fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1837 nípa bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú. Ti Fágúnwà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn ohun tó ń dẹ́rù bani. Nígbà tí mo dé ibi tí Àkàrà-Oògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, ti pàdé Agbako olójú mẹ́rìndínlógún, òru ti jìn. Ewúrẹ́ kan fi ara gbún ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì kígbe débi pé àbúrò mi ta jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara mi ni mo ń fi rẹ́rìn-ín.

Ti Crowther kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú ọjọ́ dára lọ́jọ́ náà, wọ́n ń pèsè oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, nígbà tí ogun dé sí Ọ̀ṣóógùn ní 1821. Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò ta òun fún àwọn Potogí, ó gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn, àyà rẹ̀ kò sì gbà á láti fà á le. Níbẹ̀ ni mo ti pa fóònù mi dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi ṣí i. Ṣé èmi nìkan ni ó ń ṣe báyìí?

Òǹkàwé Àjàṣẹ́:
Ẹ kò dá wà, ẹ̀gbọ́n. Àkàrà-Oògùn fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ń ròyìn ìrìn-àjò rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà a ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó padà wálé, bó ti wù kí Agbako lágbára tó.

Ará Sábẹ̀ẹ́:
Ẹ jọ̀wọ́, n kò gba ìyẹn. Ṣebí Crowther náà ló kọ ìtàn tirẹ̀, ó sì là á já! Ohun tí mo rò ni pé lẹ́yìn Àkàrà-Oògùn kò sí ẹlòmíràn tí a ń ṣàárò, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n so mọ́ okùn kan náà pẹ̀lú Crowther pọ̀, a kò sì mọ ibi tí wọ́n já sí. Ẹ̀yin ará Kétu ní ìdí mìíràn pẹ̀lú: ogun Dàhómì tó tú ìlú yín ní 1886 kò tíì pẹ́ tó ohun tí à ń pè ní ìtàn àtijọ́. Crowther pàápàá dé Kétu ní 1853, nígbà tí ìlú náà ṣì wà ní ìdúró.

Ẹ má gbàgbé Johnson. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, wọ́n sọ ọ́ nù ní ìlú Òyìnbó, ó sì kú ní 1901; àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, tó fi jáde ní 1921. Lójú ẹni tó ń kọ̀wé, ta ni Agbako lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn?

Bí ẹ bá fẹ́ sinmi, ẹ ka Aké tí Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ó wà ní èdè Faransé.

Ọmọ Ìdẹ̀nà (Kétu):
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti padà sídìí Crowther, mo sì ti ka bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe tún pàdé ní Abẹ́òkúta ní 1846, tí ẹnu wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá mi, tó ń dín àkàrà, béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún, mo bá túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: kí ni wọ́n ń sè lówùúrọ̀ ọjọ́ náà? Mo tún un wò, n kò rí i níbẹ̀.