Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé mi ní Kétu ilẹ̀ Benin, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníẹ̀rọ Ọlọ:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Inú ń bí mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ má wo àṣìkọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ti lọ kírun. Wọn ò wá láàárọ̀, wọn ò wá nírọ̀lẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin ò sí nílé. Géomètre kan, ìyẹn awọnlẹ̀, àti ọmọkùnrin méjì, wọ́n gbé ọ̀dà pupa dání. Wọ́n kọ àgbélébùú ràgàjì sára ògiri ilé ẹ̀rọ mi, wọ́n tún kọ òmíràn sára yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Àgbélébùú, sára ilé Mùsùlùmí! Ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn nítorí Iléyá, ọ̀dà tí mo ní kí wọ́n bá mi rà wá láti òdìkejì Ìlárá. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ló ti ń jẹ ẹ̀wà àwìn. Kò tíì san owó ẹ̀wà, ó wá ń fi ọ̀dà kun ilé ẹni tó ń bọ́ ọ.

Wọ́n ní ojú ọ̀nà ni, pé ọ̀nà kan máa gba ibẹ̀ já sí títì Pobè, kí a kó ẹrù wa. Ọ̀nà wo? Ibi tí wọ́n ri ìwọ́ mi mọ́lẹ̀? Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń lọ àgbàdo, ọ̀kan ń rin gbáàgúdá. Gbogbo obìnrin tó ń ṣe gàrí ládùúgbò wa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Ilé ẹ̀gbọ́n olórí àdúgbò nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán, wọn ò kan ọ̀dà mọ́ ọn. Ṣé ọ̀nà máa ń mọ ilé ọlọ́lá ni, tó fi ń yà fún un? Aládùúgbò mi kan dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé mo lè kun ọ̀dà funfun lé e?

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kó ẹ̀rọ yín o. Mo ń sọ ohun tí ojú mi rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn kúrò lẹ́bàá títì, mo ní àtíbàbà kan níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì to aṣọ síbẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀. Àwọn ọkùnrin ilé wa ní ẹnu lásán ni, pé ta ló máa wó gbogbo Cotonou àti Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan? Katakata dé láàárọ̀ kùtù. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe wó o. Àwọn tó ti tú páànù wọn fúnra wọn ṣì rí páànù lò. Tèmi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ìwé. Ọkọ mi tún wá ń bá mi jà pé kí ló dé tí mi ò tètè tú u, òun tó ní kí n má tú u!

Sabẹ Òkè:
Ẹ má kó nǹkan kan. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, article 22: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ohun ìní ẹni àfi tó bá jẹ́ fún ànfààní gbogbo ènìyàn, wọ́n sì gbọdọ̀ san owó rẹ̀ TẸ́LẸ̀. Tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ, wọn ò kọ lẹ́yìn. Ẹ jókòó sórí ẹ̀rọ yín.

Ọmọ-ẹ̀yìn Géomètre:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí a tó máa ka òfin. Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ yín? Ọjọ́ tí wọ́n ṣe état des lieux ládùúgbò, tí wọ́n ń ka ilé àti ilẹ̀ oníkálukú, olúkúlùkù ló gba nọ́ńbà, kí ni tiyín? Nígbà tí plan, àwòrán bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀, jáde, ṣé orúkọ yín wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri? Èmi ń ru ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ tẹ̀lé ọ̀gá ni, mi ò sọ pé lọ́yà ni mí. Ọ̀dà yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Oníẹ̀rọ Ọlọ:
Sabẹ Òkè, Ọlọ́run á bù kún yín. Article 22! Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá Ìbejì, kí n kó ẹ̀rọ lọ síbo? Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e sórí kọnkéré?

Àgbà Ìdènà:
Ẹ̀yin ọmọ, ìwé ìwé ìwé. Nígbà tí Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, ta ló mú ìwé dání lọ sí oko ẹrú? Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Bẹ̀háńsìn ọba Dàhòmì ni àwọn bàbá wa tó padà wá. Igbó ti bo ìlú. Àdá ni wọ́n fi wá ojúlé wọn, olúkúlùkù sì mọ ibi tí tirẹ̀ wà. Ẹ lọ wo yàrà tó wà ní Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú wa, géomètre wo ló wọ̀n ọ́n? Oníẹ̀rọ, mo mọ bàbá rẹ, ilẹ̀ yẹn tiyín ni. Lọ bá àwọn àgbà ilé yín kí ẹ jọ lọ sí ààfin.

Ọmọ Pobè:
Bàbá, ẹ má bínú, ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tó máa gbà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ilẹ̀ ọdún 2013 ṣe ní 2017, titre foncier, ìwé ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, nìkan ló fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ tẹni. Attestation de recasement (ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fi rọ́pò tẹni), attestation de détention coutumière (ìwé ilẹ̀ tẹni nípa àṣà), ohun tí gbogbo ìyẹn ń sọ ni pé ó jọ pé tirẹ̀ ni. Ta ló ní titre foncier níbí? Ẹ nawọ́.

Àgbà Ìdènà:
Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ náà nawọ́ ká rí i.

Ọmọ Pobè:
Mo wà lẹ́nu rẹ̀, bàbá.

Aránṣọ Wándó:
Ẹ gbé wọn lọ sí CSAF ní Cotonou! Ilé ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan nìyẹn. Wọn ò ṣojúsàájú.

Ọmọ Pobè:
CSAF kì í gbọ́ ẹjọ́ Kétu. Ọ̀dọ̀ wa ní Pobè ni ẹ ó wá. Ẹ yé fi owó ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣòfò.

Aránṣọ Wándó:
Ìmọ̀ràn ni mo gbà o, mi ò bẹ̀ yín lẹ́nu.

Ọmọ-ẹ̀yìn Géomètre:
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ẹ ti ń lu ohun méjì pọ̀. Expropriation ni pé ìjọba fẹ́ ilẹ̀ yín, ó gbà á, ó san owó. Lotissement yàtọ̀. A ó kó gbogbo ilẹ̀ àdúgbò pọ̀, a ó yọ ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti ibi ìwòsàn jáde lára rẹ̀, a ó wá tún ìyókù pín. Gbogbo onílẹ̀ ló ń fi díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà bá jẹ ilẹ̀ rẹ̀ tán, wọ́n á fún un ní parcelle níbòmíràn, òun là ń pè ní recasement. Article 22 dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fún yín ní ilẹ̀ rọ́pò ilẹ̀, ẹ ò lè tún fi í gba owó ilẹ̀. Ilé tó wà lórí rẹ̀ lẹ lè bá wọn sọ. Ti ilé ọ̀ọ́kán yẹn, ẹ lọ sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n fi plan hàn yín. Bí bọ́ọ̀nù, òpó kọnkéré tí a fi ń pààlà ilẹ̀, bá ti kọjá iwájú ilé rẹ̀, ọ̀nà ò kàn án nìyẹn. Bọ́ọ̀nù tiyín dà?

Oníẹ̀rọ Ọlọ:
Ẹ jẹ́ kó yé yín pé èmi kọ́ ni mo yọ bọ́ọ̀nù o. Òjò ló gbé e lọ.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́:
Òjò gbé kọnkéré lọ, kò gbé ilé ẹ̀rọ lọ. Áà, ẹ̀gbọ́n.

Oníẹ̀rọ Ọlọ:
Ìyá Ìbejì, ìṣòro ni mo gbé wá, mi ò gbé ẹ̀fẹ̀ wá. Mo mọ lotissement. Mo san owó lotissement bí gbogbo ènìyàn ṣe san án, mo ní rìsíìtì. Ilẹ̀ tí wọ́n fún mi lọ́nà Ìdígnì, ìyẹn yàtọ̀. Ti oko bàbá mi nìyẹn. Kò kan ọ̀rọ̀ ilé yìí rárá.

Sabẹ Òkè:
Ẹ dúró ná. Wọ́n fún yín ní ilẹ̀?

Ọmọ Pobè:
Ṣé ẹ rí i? Láti àárọ̀ la ti ń jà nítorí òfin ìpìlẹ̀.

Ọmọ-ẹ̀yìn Géomètre:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo orí attestation tí wọ́n fún yín pẹ̀lú ilẹ̀ yẹn. Nọ́ńbà état des lieux wà lókè rẹ̀, tó ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n fi èyí dípò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ sára ilé ẹ̀rọ yín nígbà tí wọ́n ń ka ilé. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Àgbà Ìdènà:
Bó bá jẹ́ ti oko, nọ́ńbà ò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Mo mọ oko bàbá rẹ̀.

Sabẹ Òkè:
Ẹ jẹ́ kó dáhùn, bàbá.

Aránṣọ Wándó:
Wọ́n ti fún àwa náà ní recasement rí, lórí omi. Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Bí ẹ bá rí parcelle gbígbẹ gbà, ẹ dúpẹ́.

Oníẹ̀rọ Ọlọ:
Fọ́tò attestation náà wà nínú fóònù mi, mo ti wò ó. Nọ́ńbà náà ni. Kí ló wá kù? Ṣé nítorí nọ́ńbà kí n wó ilé bàbá mi? Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n fún mi. Iná ò dé ibẹ̀, kànga ò sí, ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Obìnrin wo ló máa ru gbáàgúdá lọ síbẹ̀ wá rin? Ìdí nìyẹn tí mo fi tà á. Owó rẹ̀ ni mo fi ra ẹ̀rọ kejì. Bí ẹ bá wà nípò mi, ẹ̀yin náà á tà á.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́:
Ó tà á!

Sabẹ Òkè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa article 22 tí mo fún yín rẹ́ nínú ìwé yín. Ẹ gba ilẹ̀, ẹ ta ilẹ̀, ẹ tún jókòó sórí ilẹ̀.

Àgbà Ìdènà:
Ẹ má pariwo mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹni tó rà á ti kọ́lé?

Oníẹ̀rọ Ọlọ:
Ó ti dé ojú fèrèsé, bàbá. Ṣé mo lè ní kó dá a padà? Màá san iye tó fún mi.

Ọmọ Pobè:
Iye tó fún yín nígbà yẹn, lórí ilé tó ti dé ojú fèrèsé? Ẹ sanwó búlọ́ọ̀kù fún un, ẹ sanwó bíríkìlà, kí ẹ tó débi owó ilẹ̀.

Ọmọ-ẹ̀yìn Géomètre:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní bú yín. Ẹ má kọ ìwé sí mairie pé wọn ò fún yín ní nǹkan kan, torí orúkọ yín wà lórí plan, ìwé á já yín nírọ́. Ohun mẹ́ta lẹ lè bá wọn sọ láìṣe irọ́. Ẹ̀kíní, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àkókò láti tú ẹ̀rọ, kí ẹ sọ iye oṣù tí ẹ fẹ́. Ẹ̀kejì, ẹ ní kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n lójú yín, bóyá gbogbo ilé ẹ̀rọ ló wà lójú ọ̀nà àbí igun rẹ̀ nìkan. Mo ti rí ibi tí ó jẹ́ pé ìloro ni wọ́n gé, ilé sì dúró. Ẹ̀kẹta, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ka ilé náà sínú ohun tí wọ́n máa sanwó fún. Ọ̀gá mi wà lọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kó gbogbo ìwé wá.

Oníẹ̀rọ Ọlọ:
Ìṣẹ́gun bọ́ sí ọjọ́ ọjà, mi ò lè ti ilé ẹ̀rọ. Ọjọ́rú ńkọ́?

Ọmọ-ẹ̀yìn Géomètre:
Ọjọ́rú náà dára. Rìsíìtì lotissement, ẹ mú un wá. Ẹ̀dà ìwé tí ẹ̀yin àti ẹni tó ra ilẹ̀ jọ fọwọ́ sí, ẹ mú òun náà wá.

Oníẹ̀rọ Ọlọ:
A ò kọ ìwé. Mo gbé attestation lé e lọ́wọ́, ó ka owó fún mi. Orúkọ mi ṣì ló wà lórí rẹ̀.

Ọmọ Pobè:
Họ́wù! Ìyẹn ni pé lórí ìwé, ilẹ̀ yẹn ṣì jẹ́

Ọmọ-ẹ̀yìn Géomètre:
Ọmọ Pobè, ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ ohun tí ẹ kọ gbẹ̀yìn yìí kúrò níbí, ẹni tó rà á lè wà láàárín wa. Ẹ pè mí lórí fóònù lálẹ́ yìí.