Wáìnì pupa Austrálíà wo ló lè bá ayamáṣe lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa wáìnì. London ni mò ń gbé. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ń bọ̀ wá jẹun lọ́jọ́ Sátidé, wáìnì Austrálíà nìkan la sì fẹ́ tọ́ wò: funfun méjì, Riesling láti Clare Valley àti Semillon láti Hunter Valley, pẹ̀lú pupa méjì, Shiraz láti Barossa àti Cabernet láti Coonawarra.

Àwọn funfun ò dà mí láàmú. Riesling yẹn ò ní ṣúgà lẹ́nu rárá, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ẹja yíyan ni màá fi sí i. Semillon náà fúyẹ́, ọtí inú rẹ̀ ò ju ìdá 11 nínú 100 lọ.

Shiraz gan-an ni ìṣòro. Ìdá 14.5 ni tiẹ̀, ó ki, ó ń ta sánsán bí iyèré. Mo mọ̀ pé ẹran àgùntàn sísun bá a mu, àmọ́ ayamáṣe ni ìyàwó mi fẹ́ sè, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́ kó dín ata kù. Mo fi ọbẹ̀ díẹ̀ dán an wò: ata náà túbọ̀ ń jó mi lẹ́nu, ẹnu mi wá gbẹ bí ẹni jẹ obì.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbé Shiraz sínú fíríìjì fún ìgbà díẹ̀ kí n tó ṣí i? Àbí kí n fi Grenache, wáìnì pupa mìíràn láti McLaren Vale, rọ́pò rẹ̀? Ẹni tó bá sì ti fi Cabernet jẹ sùyà rí, báwo ló ṣe rí lẹ́nu yín?