Bàtà tí mo máa wọ̀ lẹ́yìn síkì: mo ti rà á

Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bàtà tó máa móoru, tó sì máa rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn lẹ́yìn tí mo bá bọ́ bàtà síkì (eré yíyọ̀ lórí yìnyín) ní Chamonix, ìlú olókè kan ní ilẹ̀ Faransé.

Bàtà aláwọ àgùntàn tí ọ̀pọ̀ yín dárúkọ dùn ún wọ̀ lóòótọ́, àmọ́ inú ilé ló dára fún. Yìnyín tó ń yọ́ lójú títì máa ń wọ inú awọ rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì rin gbingbin. Bàtà yìnyín tí wọ́n ń pè ní Moon Boot (bàtà òṣùpá) wù mí nítorí ìtàn rẹ̀: ará Ítálì kan, Giancarlo Zanatta, ló ṣe é lẹ́yìn tí ènìyàn dé orí òṣùpá ní 1969, kò sì ní ọ̀tún, kò ní òsì. Ṣùgbọ́n ó tóbi bí ìrọ̀rí!

Èyí tí mo rà ní rọ́bà títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín tó jinlẹ̀, ìtẹ́nú onírun àgùntàn rẹ̀ sì ṣeé yọ sá. Ẹni tó ní kí n ra èyí tó fẹ̀ díẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Bàtà tó bá fún kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn dáadáa, ọmọ ìka á tutù ni, bó ti wù kí ìtẹ́nú nípọn tó. Mo tún ń pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ kí n tó wọ̀ ọ́, torí òógùn ti wà nínú èyí tí mo fi ṣe síkì.

Ẹni tó ní kí n wọ sálúbàtà, Ọlọ́run ń wò yín o. Ó parí, mo ti ti ìbéèrè náà.